Kẹ̀kẹ́ Ìyá Wa ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ṣẹẹrẹ, 1922.

Ìyá mi,

Èmi Abọ́dúndé ọmọ yín dọ̀bálẹ̀ fún yín láti etí odò Ògùn níhìn-ín. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ ẹbu epo. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn aboyún tí ẹ ń gbẹ̀bí wọn, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ sinmi. Àlàgbé àbúrò mi ńkọ́? Àgbékẹ́ ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ bá mi kí Bàbá Oyèlẹ́yẹ, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ẹ ní mi ò gbàgbé wọn.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti sá kúrò nílé nígbà tí àwọn sójà Faransé ń kó ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sógun. Bàbá mi kú, wọ́n sin ín, mi ò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ sí mi. Iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe tí mo kọ́ ti ń gbè mí, mo sì ti rí ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́ fi ṣaya. Ilé ńlá ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ kì í fi ọmọ fún ẹni tí kò mọ ìdílé rẹ̀, nítorí náà mò ń rọra ṣe.

Kẹ̀kẹ́ tí Ṣàngóbíyì aláṣọ gbé wá fún yín yìí, ọwọ́ mi ni mo fi tò ó, láti ara kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tó ti bàjẹ́. Ti Àlàgbé ni. Kó máa fi gbé èkùrọ́ yín lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Pobẹ́, kí ọrùn yín lè sinmi lọ́wọ́ ẹrù. Kó máa fi epo sí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, kó má sì fi í sínú òjò.

Ẹ̀yin, ẹ jókòó kí ẹ máa wò ó.

Èmi ni ọmọ yín,
Abọ́dúndé.


Àjà-Wẹ̀rẹ̀,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 1922.

Abọ́dúndé, ọmọ tí ọdún bá dé,

Mo kí ọ, mo kí orí rẹ. Fábíyì tó ń wọn èkùrọ́ ní Pobẹ́ ni ó ń bá mi kọ èyí, nítorí ó kàwé ní Àjàṣẹ́. Mo ti sọ fún un pé kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kó má fi dídùn ẹnu tirẹ̀ sí i.

Kẹ̀kẹ́ dé. Gbogbo agbo ilé jáde. Àlàgbé gùn ún láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí igi ọsàn, igi ọsàn kò yà fún un. Ètè rẹ̀ wú. Ó dìde, ó ní òun kò ní í fi ẹsẹ̀ òun méjèèjì sílẹ̀ kí òun máa gun irin. Ó padà sí oko rẹ̀ ní Kpulu pẹ̀lú Àgbékẹ́, ó sì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Adìẹ ti ń sùn lórí rẹ̀.

O ní kí n má sọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀. Mi ò ní í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ jọ sá lọ ti ń padà dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń bímọ, kò sẹ́ni tó mú wọn. Bí mo bá ń gbẹ̀bí ọmọ wọn, wọ́n a bi mí pé, "Ìyá, tiyín ńkọ́?" Kí ni kí n sọ? Mo máa ń sọ pé ó ń bọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ó dùn mí láti máa wo nǹkan tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, kó di ibùsùn adìẹ. Mo ti nù ún. Mo ti bu epo sí i fún Ògún. Bí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ẹnì kan, má yára bínú.

Ìyá rẹ ni,
Ẹfúnwùmí.


Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Òkúdù, 1922.

Ìyá mi,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ẹrẹ̀. Mo kí yín, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀ bí mo ti ń kí yín yìí.

Ṣàngóbíyì ti ọ̀dọ̀ yín dé. Ní iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ó ti ń pariwo, kí ó tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀: "Abọ́dúndé, ìyá rẹ ń gun kẹ̀kẹ́! Ó kọjá lára mi lọ́nà Tatọnnọnkọn, ó lu agogo fún mi!" Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ wà níbẹ̀, táyà rẹ̀ ni mò ń lẹ̀. Ó bi mí pé, "Ìyá ta ni?" Ojú tì mí, mo ní ìyá ẹlòmíràn ni.

Ìyá mi, àbí òótọ́ ni? Obìnrin tó ti tó ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí, lórí irin, tí aṣọ ń fò lẹ́yìn rẹ̀? Níhìn-ín pàápàá tí àwọn òyìnbó ti pọ̀, mi ò rí i kí ìyàwó ilé máa gun kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́? Bí egungun bá yẹ̀, ta ni yóò tò ó?

Ṣé ebi ni? Bí ebi bá ni, ẹ sọ fún mi. Ṣé Àlàgbé kò tọ́jú yín ni? Mo fẹ́ mọ ohun tó ń sún yín gun nǹkan yìí lójoojúmọ́, nítorí Ṣàngóbíyì ní ojoojúmọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Abọ́dúndé.


Àjà-Wẹ̀rẹ̀,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Ògún, 1922.

Ọmọ mi,

Mo gbọ́ ìwé rẹ. Fábíyì kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo fẹ́ gbọ́ ibi tí o ti ní ìyá ẹlòmíràn ni mí. Ó dáa. Ìyá ẹlòmíràn kí ọ o.

O bi mí ní ìbéèrè, n óò dá ọ lóhùn. Kì í ṣe ebi. Àlàgbé ń ṣe ojúṣe rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń bẹ̀rù igi ọsàn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n wá pè mí láti Másẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó adẹ́mu kan ń rọbí. Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ọmọ ti wá, ìyá ń ṣẹ̀jẹ̀, àwọn obìnrin ilé dúró tí wọ́n ń sunkún. Ọlọ́run àti àwọn òkú ọ̀run ló bá mi dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Bí mo ti ń padà bọ̀, mo rí Fábíyì lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó kọjá lọ fìrì bí ìgbà tí ẹyẹ bá fò. Mo pè é padà. Mo ní, "Kọ́ mi." Ó rò pé mò ń ṣeré ni.

A lọ sí orí ilẹ̀ pupa lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ ní Másẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Mo wọ ṣòkòtò bàbá rẹ sábẹ́ ìró. Fábíyì di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, ó ń sá tẹ̀ lé mi, mo ń lọ, mo ń pariwo pé kó má fi mí sílẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti jókòó sábẹ́ igi lókèèrè, ó ń nu òógùn. Bí mo ti rí i pé èmi nìkan ni mo ti ń dá lọ, mo ṣubú sínú ẹ̀gẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń kọ ọ́ yìí. Mo ní kó kọ ìyẹn náà.

Nígbà tí ó di mímọ̀, Bàbá Oyèlẹ́yẹ pe ìpàdé. Gbogbo àgbà jókòó. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹfúnwùmí, ṣé ṣòkòtò àbúrò mi nìyẹn lára rẹ?"

"Òun ni, Bàbá. Ẹni tó ni ín kò bèèrè rẹ̀ mọ́."

"Kí lò ń lé kiri?"

"Ọmọ tó ń bọ̀ wáyé ni mò ń lé."

"Ìyá mi gbẹ̀bí títí ó fi kú. Ṣé kẹ̀kẹ́ ló gùn?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ṣé gbogbo aboyún tó rìn lọ bá ló bá láàyè?"

Ó tu itọ́ sílẹ̀, ó dìde. Láti ọjọ́ yẹn kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ìyẹn dùn mí, nítorí èmi ni mo ń se ẹ̀wà fún un láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Gáàdì Faransé kan tún dá mi dúró lọ́nà Pobẹ́. Ó fi èdè Faransé sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́. Ó fi èdè Gùn sọ ọ́, mo gbọ́ díẹ̀: ó ní ta ni mo jí kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọmọ mi ló ṣe é. Ó ní kí n gùn ún kí òun rí i. Mo gùn ún yí i ká. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní kí n máa lọ.

Nítorí àwọn aboyún ni, ni mo ń sọ fún gbogbo ayé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ ni ọmọ mi, n óò sọ èyí tó kù fún ọ. Ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè mí, mo ṣì ń gùn ún. Mo ń dìídì wá ibi tí mo máa lọ. N óò ní mo fẹ́ lọ wo ọmọ tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ níjẹta, ọmọ náà sì wà dáadáa, wọ́n a máa wò mí lójú pé kí ni mo tún wá ṣe.

Ìdagẹ̀rẹ́ kan wà lọ́nà Kpulu, o rántí rẹ̀, ibi tí a ti máa ń rí gbogbo ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí lọ títí. Bí mo bá dé orí rẹ̀, mi ò ní í fi ẹsẹ̀ wa á mọ́. Kẹ̀kẹ́ ń dá lọ, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi létí, mo jókòó. Abọ́dúndé, láti kékeré ni mo ti ń ru ẹrù. Mo ru omi ìyá mi, mo ru igi, mo ru iṣu bàbá rẹ, mo ru ìwọ àti àbúrò rẹ, mo ru epo. Kò sí nǹkan kan láyé yìí tó gbé mi rí. Èyí ń gbé mi.

Mo ń ṣubú nígbà mìíràn. Mo ń dìde. Mi ò ní í sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá rẹ,
Ẹfúnwùmí.


Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Bélú, 1922.

Ìyá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú alẹ́.

Bàbá Oyèlẹ́yẹ ti ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní bí mo bá jẹ́ ọmọ àbúrò àwọn, kí n wá gbé nǹkan tí mo fi ba ilé jẹ́ kúrò. Bàbá ọmọbìnrin náà ti gbọ́ pẹ̀lú pé ìyá mi ni, kì í ṣe ìyá ẹlòmíràn. Ó ní òun kò mọ irú ilé tí ìyá ti ń wọ ṣòkòtò. Ẹ wò ó, ohun tí mo ti ń rọra kọ́ láti ọdún yìí wá ni ẹ fi táyà méjì tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo ka ohun tí ẹ sọ nípa ìdagẹ̀rẹ́. Ìyá mi, ọmọdé ló ń wá atẹ́gùn kiri. Àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣàngóbíyì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ lé e lọ́wọ́. Èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo ní kó padà. Mi ò fẹ́ kí ẹ bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ óò ṣe é.

Abọ́dúndé.


Àjà-Wẹ̀rẹ̀,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀pẹ, 1922.

Abọ́dúndé,

Mo ti fi lé Ṣàngóbíyì lọ́wọ́. Mo fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, mo fi epo sí ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ìjánu ọwọ́ òsì kò mú dáadáa mọ́, tún un ṣe kí ẹlòmíràn tó gùn ún.

Bàbá Oyèlẹ́yẹ ti ń jẹ ẹ̀wà mi.

Àgbékẹ́ ti lóyún. Èyí àkọ́kọ́ nìyí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí a ti ń wojú òrìṣà. A ń retí rẹ̀ ní ìparí oṣù Agẹmọ. N óò lọ bá wọn gbé ní Kpulu kí oṣù náà tó wọlé, kí n lè wà nítòsí.

O ní bí mo bá fẹ́ràn rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ kó ti ẹnu rẹ jáde. Mi ò tún ní ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹfúnwùmí.


Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdù, 1923.

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé kẹta tí mo ń kọ láti ìgbà ọyẹ́ nìyí, mi ò sì rí èsì kan. Ṣé aṣọ tí mo fi rán Ṣàngóbíyì tẹ̀ yín lọ́wọ́? Ó ní òun fi sílẹ̀ fún yín, pé ẹ dúpẹ́, ẹ kò sọ ohun mìíràn.

Bàbá ọmọbìnrin náà ti rọ̀. A ti mú ọjọ́ nínú oṣù Ọ̀wàrà. Mo fẹ́ kí ẹ wá. N óò rán ẹni tí yóò mú yín gba Ìlaròó wá. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò dùn dé ibi tó yẹ kó dùn dé, nítorí ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà wà ní igun ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ènìyàn ti wá bèèrè rẹ̀, mi ò tà á. Mo tún ìjánu òsì ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà kan péré ránṣẹ́ sí mi. Kí Fábíyì kọ pé ara yín le, ó tó mi.

Ọmọ yín,
Abọ́dúndé.


Kpulu,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Agẹmọ, 1923.

Ẹ̀gbọ́n mi Abọ́dúndé,

Èmi Àlàgbé àbúrò yín ni mo ń sọ, Fábíyì ló ń kọ. Ẹ kú ilé. Ìyá kò fẹ́ kí a kọ ìwé yìí. Mo ní a óò kọ ọ́.

Ọmọ Àgbékẹ́ kú. Obìnrin ni. Kò gbé ilé ayé dé ibi tí a óò ti sọ ọ́ lórúkọ.

Oyún náà kò tíì pé oṣù rẹ̀. Ìyá kò tíì kó wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti dá. Òjò ti ń rọ̀ láti òru mọ́jú, ní ìdájí ni omi ara Àgbékẹ́ tú. Mo fi í sílẹ̀ fún ìyá arúgbó tó wà nítòsí wa, mo sáré lọ sí Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Ìyá ń dáná nígbà tí mo dé. Wọ́n mú àpò wọn, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò tíì rí orúnkún Ìyá. Ẹ ti pẹ́ lọ jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti padà sí fífi ẹsẹ̀ rìn ni orúnkún náà ti ń wú. Tẹ́lẹ̀ rí, bí mo bá ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n a ti gun kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa kí ẹni tí mo rán tó padà dé. Lọ́jọ́ yẹn, ìgbà tí a dé ìdagẹ̀rẹ́, wọ́n di apá mi mú, wọ́n ní, "Àlàgbé, máa lọ. Sọ fún wọn kí wọ́n gbé e jókòó, kí wọ́n má jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Máa lọ, mò ń bọ̀." Mo sáré. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí wọn nínú òjò, wọ́n ń fi igi tilẹ̀, wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, ọmọ ti jáde. Okùn ìwọ́ wé e lọ́rùn. Ìyá arúgbó náà gbé e lọ́wọ́, kò mọ ohun tí yóò ṣe, ó ń pè mí pé, "Ìyá rẹ dà? Ìyá rẹ dà?" Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Ìyá wọlé, wọ́n gba ọmọ náà, wọ́n tú okùn náà, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀, wọ́n fi omi tútù àti omi gbígbóná sí i lára. Wọ́n ṣe é títí, ọmọ náà kò mí. Lẹ́yìn náà wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e fún Àgbékẹ́ kó rí i. Àwọn ara ilé ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé a kì í jẹ́ kí ìyá rí òkú ọmọ. Ìyá ní, "Oyún rẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó rí i."

Àgbékẹ́ wà láàyè. Ìyá ni kò rí bí ènìyàn mọ́. Àwọn ará Tatọnnọnkọn ti wá pè wọ́n lẹ́yìn ìgbà náà, Ìyá ní kí wọ́n lọ pe ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá kò sí, ẹ̀yin ni mo ń wò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ ohun tó wà nínú mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí Ìyá wá síbi ìgbéyàwó, ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá gbé wọn. Wọn kò ní í wá.

Àbúrò yín,
Àlàgbé.


Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ògún, 1923.

Ìyá mi,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn nínú irú èyí. Ẹ kú àmúmọ́ra, ni wọ́n máa ń sọ. Mi ò tó ẹni tí ń sọ ọ́ fún yín.

Ìwé Àlàgbé dé nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo kà á lórí ìdúró, mo jókòó sílẹ̀ láàárín irin. Ọ̀gá mi ní ta ló kú. Mo ní ọmọ àbúrò mi ni. Ó ní ṣé ó ti dàgbà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn irin náà jọ.

Mo ti lọ bá bàbá ọmọbìnrin náà pé kí a sún ọjọ́ síwájú. Ó bi mí nídìí rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Èmi ò sọ pé kí o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ohun tó sọ kò ju pé òun kò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ di àṣẹ. Bàbá Oyèlẹ́yẹ náà sọ tiwọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbà á láìsí ọ̀rọ̀ mi. Ọwọ́ mi ni.

Ṣàngóbíyì ń gbé kẹ̀kẹ́ náà bọ̀. Mo pààrọ̀ táyà méjèèjì. Mo sọ ìjókòó rẹ̀ kalẹ̀ kó lè rọrùn fún orúnkún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gùn ún. Ẹ gùn ún lọ sí ibikíbi. Ẹ wọ ṣòkòtò bàbá mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bá yín wí, ẹ ní Abọ́dúndé àkọ́bí yín ló ní kí ẹ wọ̀ ọ́.

Mo fẹ́ wá sílé. Mo ń bẹ̀rù ojú Àlàgbé ju àwọn sójà lọ. Ṣé kí n wá?

Ọmọ yín ni mo ṣì jẹ́, bí ẹ bá gbà,
Abọ́dúndé.


Àjà-Wẹ̀rẹ̀,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Bélú, 1923.

Abọ́dúndé ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo pẹ́ kí n tó fèsì nítorí ọ̀rọ̀ ò yára wá sí mi lẹ́nu mọ́. Fábíyì ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó jókòó, mo ní kó máa lọ.

Àlàgbé rò pé kẹ̀kẹ́ ì bá ti gba ọmọ náà là. Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ilé dé ìdagẹ̀rẹ́, ilẹ̀ pupa ni, n bá ti fò lọ. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ dé Kpulu, ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí ni, òjò sì ti rọ̀ sí i. Ó ṣeé ṣe kí táyà rì dé àárín, kí n máa wọ́ ọ, kí n sì pẹ́ ju bí mo ṣe pẹ́ lọ. Mo ti gun ọ̀nà náà nínú orí mi, mo ti gùn ún, mo ti gùn ún. Nígbà mìíràn mo ń bá ọmọ náà láàyè. Nígbà mìíràn mi ò bá a. N óò kú láìmọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ìwọ náà yóò kú láìmọ̀ ọ́. Ohun tí o gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún ọ nítorí o kò fi irọ́ sínú ìwé rẹ, kí n má fi irọ́ dá ọ lóhùn.

Kẹ̀kẹ́ dé. Ó dára lójú. Mo gùn ún dé orí ìdagẹ̀rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró níbẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò gbàgbé. Èmi ni mi ò fẹ́. Ohun tó ń mú ènìyàn gun nǹkan yẹn lójoojúmọ́, nínú oòrùn, nínú ẹ̀rín àwọn ènìyàn, kì í ṣe ohun tí ẹnìkan lè fi àṣẹ dá padà sí ara ẹni. Ó wà níbẹ̀, tàbí kò sí níbẹ̀. Tèmi kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo taari rẹ̀ padà sílé.

Àgbékẹ́ ló ń gùn ún báyìí. Òun ló bèèrè rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ gbé e jù sínú kànga, n bá sì jẹ́ kó gbé e jù. Ṣùgbọ́n ó gùn ún lọ sí Másẹ̀, ó padà pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ tó bó. Ní ọjọ́ kejì ó tún gùn ún. Mi ò bi í léèrè ìdí. Ó ti ń tẹ̀ lé mi lọ wo aboyún. Mo ní kó wá kọ́ iṣẹ́ náà, ó ní òun ń rò ó. Bàbá Oyèlẹ́yẹ rí i tó ń kọjá, ó yí ojú sápá kan. Kò pe ìpàdé.

O bi mí pé ṣé kí o wá. O kò gbọ́dọ̀ bi mí ní irú ìyẹn, ilé bàbá rẹ ni. Àlàgbé yóò sọ ohun tí yóò sọ, ìwọ yóò dúró gbọ́ ọ tán.

Ṣùgbọ́n wá ní àkókò òjò. Bí ọkọ̀ ojú irin tàbí ẹsẹ̀ bá gbé ọ dé Pobẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o wá gun kẹ̀kẹ́ òun, kọ̀ ọ́. Rìn wá sí Àjà-Wẹ̀rẹ̀, má yà sílé, rìn kọjá lọ sí Kpulu, kí òjò máa pa ọ́, kí ẹrẹ̀ dúdú yẹn máa bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ, kí o mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Àgbékẹ́ yóò fi ibi tí a sin ọmọ náà sí hàn ọ́.

Lẹ́yìn náà, padà wá sọ́dọ̀ mi. N óò ti sebẹ̀.

Ìyá rẹ,
Ẹfúnwùmí.